Oògùn fún Ìtọ̀ Tó Ń Gbọ̀n Èèyàn Ju Bó Ṣe Yẹ Lọ

Ẹni tó bá wọ ọjà Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, tó ní ìtọ̀ kì í jẹ́ kí òun sùn lóru, àwọn ẹlẹ́wé ọmọ kò ní wò ó bí àlejò. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń se àgbo fún irú rẹ̀ nílẹ̀ Ẹ̀gbá. Nígbà tí Fadá Coquard, ará Faransé, dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò ní 1895, oògùn òyìnbó tí wọ́n dìídì ṣe fún àìsàn yìí kò tíì sí. Ewé belladonna ni àwọn dókítà Yúróòpù ń lò.

Kẹ́míkà tó fara pẹ́ ti belladonna wà nínú gegemu tiwa. A sì mọ iṣẹ́ ọwọ́ gegemu: á gbẹ èèyàn lẹ́nu, á ranjú, á máa sọ ìsọkúsọ. Agbára kan náà ló ń dẹ iṣan àpò ìtọ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fojú wọn iye tó wà nínú ewé kan. Ẹ má dán an wò.

Ní 1921, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Otto Loewi, fi ọkàn ọ̀pọ̀lọ́ ṣàyẹ̀wò, ó sì fi hàn pé kẹ́míkà ni àwọn iṣan ìmọ̀lára fi ń ránṣẹ́. Kẹ́míkà yẹn, acetylcholine, ló ń sọ fún àpò ìtọ̀ pé kó fún ara rẹ̀ kí ìtọ̀ lè jáde. Lára ẹni tí àìsàn yìí ń ṣe, àpò náà a máa fún kó tó kún rárá. Ìtọ̀ á gbọ̀n ọ́n lójijì, á máa jí lóru léraléra, nígbà míì díẹ̀ á ti dà sí i láṣọ kó tó dé ilé ìtọ̀.

Ọ̀dọ̀ àwọn dókítà ọpọlọ ni ọ̀nà míì ti là. Ní 1957, ọ̀kan lára wọn, Roland Kuhn, kéde imipramine fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Nígbà tó di 1960, wọ́n rí i pé àwọn ọmọ atọ̀ọ́lé tó ń lò ó ń jí lórí ẹní gbígbẹ.

Ní 1975, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oxybutynin, tó ń dínà mọ́ acetylcholine bíi ti belladonna. Ó ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹnu gbígbẹ àti ìgbẹ́ líle mú kí ọ̀pọ̀ pa á tì. Tolterodine (1998) àti solifenacin (2004) rọjú díẹ̀. Síbẹ̀, irú oògùn wọ̀nyí lè da orí àgbàlagbà rú, èmi kò sì rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni kàn lọ rà wọ́n fún bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Mirabegron, tí Japan kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 2011, gba ọ̀nà míì: kì í gbẹ ẹnu tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ sí i.

Kò sí èyí tó ń wo àìsàn náà tán nínú wọn. Wọ́n ń mú un rọlẹ̀ ni, ó sì lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí èèyàn tó rí ìyàtọ̀. Ìtọ̀ ṣúgà, kòkòrò inú ìtọ̀ àti próstéètì tó wú náà ń mú kí ìtọ̀ máa gbọ̀n èèyàn. Nítorí náà, ẹ lọ ṣàyẹ̀wò ní Lántòrò tàbí ní FMC Ìdí-Àbà kí ẹ tó gbé oògùn sẹ́nu, kí ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ojú tí wọ́n ń pè ní glaucoma sì sọ ọ́ fún dókítà.