Q Ló Ṣíwájú, Bẹ́ẹ̀ A Kò Ní Q

 

Ṣé ẹ rántí iṣẹ́ Business Studies nígbà tá a wà ní JSS? Ẹ ó rántí "a s d f" tí tísà ní ká máa tẹ̀ láì wo ọwọ́. Ẹlòmíì nínú wa ya kíbọ́ọ̀dù sórí páálí, ó ń fi ìka gbá a nílé bí ẹni ń ta ayò. Àmọ́ ìbéèrè kan wà tá ò rí ẹni dá wa lóhùn: kí ló dé tí B ò tẹ̀ lé A, kó dà bí a ṣe ń kọ ọ́ lórin ní jẹ́léósinmi?

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìtàn ọ̀hún. Oníwèé ìròyìn kan wà ní ìlú Milwaukee ní Amẹ́ríkà, Christopher Latham Sholes lorúkọ rẹ̀. Ní ọdún 1868 ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba ìwé àṣẹ lórí táípùráítà. Bíi ti dùùrù ni kíbọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ rí, lẹ́tà rẹ̀ sì tò bí a ṣe ń kà á. Sholes ń tún un tò, ó ń tú u ká. Ní 1873, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún Remington, àwọn tó ń ṣe ìbọn àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ní 1874, ẹ̀rọ náà bọ́ sọ́jà. Nígbà tí èkejì rẹ̀ máa fi jáde ní 1878, Q W E R T Y ti fìdí múlẹ̀. Bí ẹ bá wo ìlà àárín dáadáa, ẹ ó ṣì rí àpá ti àtijọ́: D F G H J K L. E àti I nìkan ló ti ibẹ̀ gòkè lọ.

Kí ló fà á tó fi tú u ká? Èyí tí ọ̀pọ̀ wa gbọ́ ni pé àwọn ọ̀pá irin tó gbé lẹ́tà máa ń kọ́ ara wọn lọ́rùn bí a bá ń yára tẹ̀, pé ìdí nìyí tí Sholes fi ya lẹ́tà tó máa ń jọ rìn sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ wo E àti R. Àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó máa ń jọ rìn jù nínú Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ wọ́n fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù. Ní 2011, Koichi Yasuoka àti Motoko Yasuoka ti Yunifásítì Kyoto ní Jàpáànì sọ tiwọn. Wọ́n ní àwọn tó ń gba wáyà ló jẹ́ kí ìtò náà yí padà. Nínú Morse tí wọ́n ń lò ní Amẹ́ríkà nígbà náà, ìró Z máa ń jọ ti S àti E tó tẹ̀ léra, nítorí náà ó dáa kí S wà nítòsí àwọn méjèèjì. Ẹ wo kíbọ́ọ̀dù: E wà lókè S, Z wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n ohun kan dájú: kì í ṣe òfin Ọlọ́run.

Ní 1893, ilé iṣẹ́ táípùráítà ńláńlá márùn-ún para pọ̀, wọ́n sì mú ìtò yìí lò. Nígbà tí August Dvorak gbé ìtò tirẹ̀ jáde ní 1936, ọwọ́ ayé ti mọ́ ti Sholes.

Ibi tó ti kàn wá rè é. Ọdún kan péré lẹ́yìn tí táípùráítà bọ́ sọ́jà, ìyẹn 1875, àwọn àgbà ìjọ CMS ṣèpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Ẹ̀rọ lọ́hùn-ún, ìwé níhìn-ín, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì léèrè. Lẹ́tà márùn-ún Gẹ̀ẹ́sì ni Yorùbá ò lò: C, Q, V, X àti Z. Ẹ wo ibi tí wọ́n wà. Q ló ṣíwájú gbogbo lẹ́tà lókè. Z X C V jókòó pọ̀ nísàlẹ̀ bí àlejò tí ò fẹ́ lọ. Ẹ, Ọ àti Ṣ tí a ń lò lójoojúmọ́ kò wá ríbi jókòó. Àwọn tó ń tẹ Yorùbá á tẹ ìwé tán, wọ́n á wá mú báírò, wọ́n á máa fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ò ráyè á fi í lọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó sì bí nìyẹn o. "Ede, Osun" ni wọ́n ń kọ sára ìwé wa. Ẹni tó bá kà á lè pè é ní edé àti osùn, bí ẹni ń ná ọjà. Ó sì lè pè é ní èdè. Ìlú Ẹdẹ ni, Ọ̀ṣun ni ìpínlẹ̀ wa! Ìlú tí Tìmì rẹ̀, Ọba John Adétóyèsè Láoyè, tó jọba láti 1946 títí di 1975, ń fọwọ́ ara rẹ̀ lu dùndún tó ń fọhùn. Dùndún ò ní lẹ́tà kankan, ohùn nìkan ló ní, a sì ń gbọ́ ọ. Kíbọ́ọ̀dù ní lẹ́tà, kò fún wa ní ohùn.

Àwọn ọmọ wa ò káwọ́ gbera. Túndé Adégbọ́lá àti àjọ Alt-i ní Ìbàdàn ṣiṣẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn ará YorubaName gbé ọ̀kan jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún kọ̀ǹpútà. Lórí fóònù, ẹ lè yan Yorùbá nínú Gboard. Ìtò Sholes wà níbẹ̀ síbẹ̀, àmọ́ Ẹ, Ọ àti Ṣ ti ríbi jókòó.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bí ẹ bá ń fi orúkọ ránṣẹ́ fún ìwé ìrántí wa tó ń bọ̀, ẹ fi àmì sí i. Òjó lorúkọ, òjò ló ń rọ̀, ojo ló ń sá lójú ogun. Ẹ má jẹ́ ká ti ọwọ́ ara wa sọ ọ̀gá Òjó di ojo nítorí ohun tí wọ́n tò ní Milwaukee.