Orúkọ Tó Bá Fítámì B Mu

Ẹ yí àpò sẹ̀mó dé ẹ̀yìn ní ọjà Sango-Ọ̀tà, ẹ ó rí i níbẹ̀: thiamine, riboflavin, niacin, folic acid. Òfin ilẹ̀ wa ló ní kí àwọn tó ń lọ àlìkámà fi irú èròjà bẹ́ẹ̀ kún ọjà wọn. Òṣìṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ ń fi sẹ̀mó yìí jẹ ọbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un ní Yorùbá ohun tí wọ́n wà fún.

Fítámì B ni àwọn mẹ́rin yìí, mẹ́jọ sì ni fítámì B lápapọ̀. Kí a máa wá orúkọ gígùn fún ọ̀kọ̀ọ̀kan kọ́ ló kàn, lójú tèmi. Ọ̀rọ̀ "fítámì" ti wọ̀ wá lẹ́nu. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Casimir Funk, ló ṣẹ̀dá orúkọ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá, ní 1912. Bíkò, ìyẹn àpapọ̀ fítámì B, làwọn èèyàn ń béèrè ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì, fólíkì ni nọ́ọ̀sì ń pe folic acid fún aboyún. Kí a kọ wọ́n bẹ́ẹ̀, kí a sì fi nọ́ńbà pe ìyókù: B1, B3, B12. Ó wù mí kí n pe fólíkì ní fítámì ẹ̀fọ́, torí ọ̀rọ̀ Látìnì fún ewé ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ ọ lè gbàgbé ẹ̀wà àti ẹ̀dọ̀, tí fólíkì pọ̀ nínú wọn.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lára àti ìṣesí wọn ló yẹ ká ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún. Àwọn fítámì yìí máa ń bá omi lọ, ìyá ológì sì mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: èyí tó wà lára èèpo àgbàdo bá eèrí lọ sẹ́nu ewúrẹ́, òmíràn bá omi ògì dànù.

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tó kàn, "iṣan" ló le jù. Iṣan là ń pe ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, iṣan là ń pe ẹran ara tó ń fà, iṣan náà là ń pe okùn tó ń gbé iṣẹ́ ọpọlọ dé ẹsẹ̀. Àpẹẹrẹ kan rèé: ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, láti bí ọdún 1950 sókè, àwọn dókítà rí àwọn tó ń gbọ̀n, tí wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lásìkò òjò. Dókítà Bọ́lá Adámọ́lékùn àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tọpa àìsàn yìí dé ìdí ìdin yíyan kan, ìbátan èyí tí ń pèsè òwú sányán. Ohun kan wà nínú ìdin náà tó ń ba B1 jẹ́, àwọn tó sì ń jẹ ẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí B1 nínú oúnjẹ wọn. Ní 1994, wọ́n tẹ ìwádìí jáde pé B1 mú irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ sàn. Bí mo bá kọ pé àìtó B1 lè ba "iṣan" jẹ́, róòbù ni òǹkàwé máa lọ rà. Iṣan ajíṣẹ́ ni mo fẹ́ máa kọ. Ọ̀rọ̀ náà wúlò fún alátọ̀gbẹ tó ti ń lo metformin tipẹ́ pẹ̀lú, tí B12 rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi máa kú tipiri: kó béèrè àyẹ̀wò B12 lọ́wọ́ dókítà rẹ̀, kó sì má fi ẹran, ẹja àti ẹyin ṣeré, torí B12 kò sí nínú ẹ̀fọ́.