Gbèsè Ìbò: Ìlésà, Òṣogbo àti Rògbòdìyàn Ọdún 1965

Àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà mọ ohun tí à ń pè ní gbèsè. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn oníṣòwò aṣọ láti Ìlésà fi ń ru ẹrù wọn kiri ìlú àti abúlé, tí wọ́n ń tà á ní àwìn, tí wọ́n sì ń padà wá gba owó nígbà tí ọjọ́ bá pé. Bí onígbèsè bá ní kò sí owó lọ́wọ́ òun, oníṣòwò náà yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, yóò ní òṣó ni òun yóò ló títí òun yóò fi gba owó òun. Láti inú ọ̀rọ̀ yìí ni a ti sọ wọ́n ní Òṣómàáló. Ohun méjì ni ó wà nínú ìwà yìí tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn fi sọ́kàn. Èkíní ni pé ẹni tí a jẹ ní gbèsè kì í fẹ́ padà sílé ní ọwọ́ òfo. Èkejì ni pé kì í dáná sun ilé onígbèsè, nítorí eérú kì í san gbèsè.

Ìbò pàápàá, àwìn ni. Ẹni tí ó dìbò ti fi ẹrù rẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́, ó sì ń retí kí a san án padà ní ọ̀nà tí ó tọ́. Ìbéèrè tí ìjíròrò yìí gbé kalẹ̀ ni èyí: bí ará ìlú bá gbà pé wọ́n ti fi ìbò àwọn rẹ́ àwọn jẹ, tí àwọn kan sì bọ́ sí ìgboro láti fi ẹ̀hónú hàn, irú ìhà wo ni àwọn tí kò jáde máa ń kọ sí i? Kí sì ni ìhà tí wọ́n kọ náà máa ń ṣe sí ìlú? Ọdún 1965 ni ìbéèrè yìí le jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá.

BÍ ILÉ ṢE PÍN

Kí ọdún 1962 tó dé, ìṣèlú Ìlésà àti Òṣogbo kò ṣòro láti yé ni. Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ, èyíinì ni Action Group, ni ó ń ṣe ìjọba ní Ìbàdàn; ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ Alákùkọ, NCNC, ti ta gbòǹgbò ní ìlú méjèèjì yìí láti àwọn ọdún 1950. Olúkúlùkù mọ ẹni tí òun ń bá jà.

Ní 25 oṣù Karùn-ún ọdún 1962, ìjà tí ó wà láàrin Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá bú jáde nínú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Ìbàdàn. Àga fò, tábìlì dojú dé, ọlọ́pàá sì fi tajútajú tú àwọn aṣòfin ká. Ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn náà ni Ìjọba Àpapọ̀ kéde pé ìlú kò fara rọ, tí wọ́n sì fi Dókítà Moses Májẹ̀kódùnmí ṣe alákòóso Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Nígbà tí ọdún 1963 bẹ̀rẹ̀, Akíntọ́lá padà sórí àléfà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún kan náà, ilé-ẹjọ́ sọ Awólọ́wọ̀ sí ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba.

Ní ọdún 1964 ni ilé pín tán. Àwọn tí ó tẹ̀ lé Akíntọ́lá darapọ̀ mọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn aṣáájú NCNC ní Ìwọ̀-Oòrùn, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀, NNDP, tí gbogbo ayé ń pè ní ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀. Àwọn ọmọ NCNC tí kò bá wọn lọ dara pọ̀ mọ́ Ọlọ́pẹ tí wọ́n ti ń bá jà láti ọjọ́ tó ti pẹ́, wọ́n sì jọ wà nínú àjọṣe tí a mọ̀ sí UPGA. Ọ̀tá àná di ọ̀rẹ́ òní. Ọ̀rẹ́ àná di ọ̀tá. Ní ìlú tí Ọlọ́pẹ ti wà láìsí alátakò, ìpínyà yìí lè dàbí ìjà àwọn ará òkè. Ní ìlú tí Alákùkọ ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, inú agbo ilé ni ó ti la ènìyàn sí méjì. Ẹni tí ó bá aṣáájú rẹ̀ lọ sínú Dẹ́mọ̀ lè bá àbúrò rẹ̀ nínú UPGA, kí ó sì bá àna rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Òṣogbo tilẹ̀ tún ní tirẹ̀: láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti débẹ̀ ní ọdún 1907 ni ó ti di ìlú tí ọmọ onílé àti oníṣòwò àlejò ti jọ ń gbé inú ilé kan náà, tí wọ́n jọ ń pín ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà lò.

Gómìnà Ẹkùn ní ìgbà náà, Sir Odeleye Fadahunsi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, ó sì ti jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú NCNC tẹ́lẹ̀. Fún ará Ìlésà, kò sí bí a ṣe lè pe ìjà yìí ní ọ̀ràn àwọn ẹlòmíràn.

OṢÙ KẸWÀÁ ỌDÚN 1965

Wọ́n dìbò ní 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1965. Kí ọjọ́ náà tó pé ni àwọn alátakò ti ń ké pé a kò jẹ́ kí àwọn olùdíje àwọn fi orúkọ sílẹ̀, pé òṣìṣẹ́ ìdìbò ń fara pamọ́ fún wọn. Lẹ́yìn ìdìbò, ìjọba ní Dẹ́mọ̀ ni ó wọlé. UPGA náà ní àwọn ni ó wọlé, olórí wọn, Alhaji Dáúdà Adégbẹ́nró, sì kéde ìjọba tirẹ̀, ni ọlọ́pàá bá mú un. Ìlú kan, èsì méjì. Ẹni tí ó ka ìwé ìròyìn Tribune ka èsì kan. Ẹni tí ó ka Daily Sketch, tí ìjọba Ẹkùn dá sílẹ̀ ní ọdún 1964, ka òmíràn. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ilé iṣẹ́ rédíò Ìbàdàn, ohùn mìíràn ni àwọn olùgbọ́ gbọ́ níbi tí wọ́n ti ń retí ohùn Akíntọ́lá. Wọ́n gbé Wole Soyinka lọ sí ilé-ẹjọ́ lórí ọ̀ràn náà, ilé-ẹjọ́ sì dá a sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni iná bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń da epo bẹntiróòlù sí ilé, sí ọkọ̀, àti sí ara ènìyàn pàápàá, wọ́n sì ń ṣáná sí i. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó túmọ̀ sí kí a fi omi rin nǹkan ni àwọn ènìyàn yí padà di "wẹ́tì ẹ". Ojú ọ̀nà di ẹ̀rù. Awakọ̀ tí ó ń lọ láti ìlú kan sí èkejì kò mọ irú ẹgbẹ́ tí yóò dá òun dúró níwájú.

ÀWỌN TÍ KÒ JÁDE

Àwọn tí ó gbé epo àti ìṣáná kò pọ̀ tó àwọn tí ó dúró lójú fèrèsé. Ìdí tí àwọn òǹwòran wọ̀nyí kò fi dá wọn lẹ́kun ni ó yẹ kí a wá.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àgbẹ̀. Ilẹ̀ kòkó ni ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ní sáà 1964 sí 1965, nǹkan bí £120 ni wọ́n ń san fún àgbẹ̀ lórí tọ́ọ̀nù kòkó kan. Ní sáà tí ó tẹ̀ lé e, ní àkókò ìdìbò náà gan-an, owó yìí já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Òtítọ́ ni pé iye tí wọ́n ń ra kòkó ní ọjà àgbáyé ti já wálẹ̀ ní ọdún 1965. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kò bá ọjà àgbáyé dá àdéhùn, ìjọba ni ó mọ̀. Ní ojú rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó jẹ ìbò rẹ̀ tí ó tún jẹ kòkó rẹ̀. Ta ni yóò wá sọ fún un pé kí ó gbé omi lọ pa iná ilé Dẹ́mọ̀?

Àwọn ọba ńkọ́? Àwọn ni àṣà fi ṣe olùlàjà. Ṣùgbọ́n owó oṣù wọn ti wà ní ọwọ́ ìjọba, wọ́n sì ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ọdẹ́mọ Ìṣarà, Ọba Samuel Akinsanya, ẹni tí ìjọba Akíntọ́lá gé owó rẹ̀ kù sí kọ́bọ̀ kan lọ́dún nítorí pé ó dúró ti Awólọ́wọ̀. Ọba tí ó bá bá àwọn ọ̀dọ́ wí, wọn yóò ní Dẹ́mọ̀ ni. Ọba tí ó bá bá ìjọba wí, kò ní rí owó jẹun. Bẹ́ẹ̀ ni ilé tí ó yẹ kí á ti máa parí ìjà fi dákẹ́.

Àwọn olùkọ́ àti ọ̀mọ̀wé mọ̀ pé òfin kò fi àyè gba iná. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá bi wọ́n pé ọ̀nà wo ni ó kù, ìdáhùn kò yá lẹ́nu wọn. Ọ̀pọ̀ ará ìlú kò retí ìdájọ́ lọ́dọ̀ ilé-ẹjọ́ mọ́. Hubert Ògúnǹdé ti fi eré sọ tirẹ̀ nínú Yorùbá Ronú, ìjọba Ẹkùn sì ti fòfin de ẹgbẹ́ òṣèré rẹ̀ láti ọdún 1964. Ìjọba tí ó di ẹnu eléré ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ọ̀nà fún ẹni tí kò ní eré láti ṣe.

Ìdí wọ̀nyí ni ó fà á tí àwọn ènìyàn rere fi gbà lọ́kàn wọn, bí wọn kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde, pé ẹ̀tọ́ ni iná náà. Àwọn Yorùbá sì ti kì wá nílọ̀ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Iná tí ó bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìbò kò dúró sórí ìbò. Ẹni tí ó ní ìjà ilẹ̀ pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀, ẹni tí ó jẹ owó, ẹni tí ó ń jowú, gbogbo wọn ni ó lè pe ọ̀tá wọn ní Dẹ́mọ̀. Nígbà tí òǹwòran fẹ́ sọ pé ó tó, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ọwọ́ rẹ̀. Ìdákẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní ti di àṣẹ.

ÌLÚ KAN, Ọ̀FỌ̀ ÀTI IJÓ

Ìjọba Àpapọ̀ pẹ̀lú jẹ́ òǹwòran. Alhaji Abubakar Tafawa Balewa tí ó kéde pé ìlú kò fara rọ nítorí àga tí ó fò ní ọdún 1962 kò ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ilé ń jó ní ọdún 1965. Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn ka èyí sí ojúsàájú, nítorí pé ẹgbẹ́ Dẹ́mọ̀ ni alájọṣe ẹgbẹ́ tirẹ̀. Ní 11 àti 12 oṣù Kìíní ọdún 1966, àwọn olórí ìjọba ilẹ̀ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì pàdé ní Èkó láti jíròrò lórí ọ̀ràn Rhodesia, níbi tí àwọn aláwọ̀ funfun díẹ̀ ti fi ẹ̀tọ́ ìbò du àwọn aláwọ̀ dúdú tí ó pọ̀ jù wọ́n lọ. Ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìbò àwọn ará Rhodesia kò jìnnà sí ibi tí àwọn àgbẹ̀ ti ń sun ilé nítorí ìbò tiwọn.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ìpàdé náà, ní 15 oṣù Kìíní, àwọn ọmọ ogun dìtẹ̀ gba ìjọba. Wọ́n pa Akíntọ́lá, wọ́n pa Balewa, wọ́n pa Sir Ahmadu Bello àti àwọn ọ̀gá ológun kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ìwọ̀-Oòrùn bọ́ síta, wọ́n ń jó. Ní ojú tiwọn, onígbèsè ti san. Ní Àríwá, nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn tí ó kú tán, ọ̀fọ̀ ni wọ́n rí. Níhìn-ín gan-an ni a ti rí ohun tí ó túmọ̀ sí pé orílẹ̀-èdè pín: òkú kan náà ni a ń jó fún ní apá kan tí a ń sunkún lé ní apá kejì. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, ìdìtẹ̀ kejì dé. Ìbàdàn ni wọ́n ti mú Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi àti Adékúnlé Fajuyi tí ó gbà á lálejò, wọ́n sì pa wọ́n. Ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967, kò sì parí títí di oṣù Kìíní ọdún 1970. Ìbò Ìwọ̀-Oòrùn nìkan kọ́ ni ó fa ogun yìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè yọ ọ́ kúrò nínú ìtàn náà.

LẸ́YÌN ỌDÚN 1965

Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí a dá sílẹ̀ ní 1991 pẹ̀lú Òṣogbo bí olú-ìlú rẹ̀, ti rí irú ìjà yìí ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lẹ́yìn ìdìbò gómìnà ti oṣù Kẹrin ọdún 2007, Ọ̀gbẹ́ni Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ní wọ́n gba ìbò òun fún Ọlágúnsóyè Oyinlọlá. Ó lé ní ọdún mẹ́ta ààbọ̀ tí ẹjọ́ náà fi wà nílẹ̀. Ní 26 oṣù Kọkànlá ọdún 2010, Ilé-ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Ìbàdàn dá a láre, ní ọjọ́ kejì wọ́n sì búra fún un. Ijó ni wọ́n jó ní Òṣogbo àti Ìlésà. Nígbà tí Ilé-ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fi Gbóyèga Oyètọ́lá sílẹ̀ lórí àléfà ní oṣù Keje ọdún 2019, apá kejì ni ó bínú. Àwọn yẹn pẹ̀lú dúró; ní 16 oṣù Keje ọdún 2022, Adémọ́lá Adélékè tí wọ́n dìbò fún wọlé. Èyí ni òṣó tí a ló títí tí owó fi dé.

Ìgboro kò dákẹ́ láàrin àkókò yìí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, àwọn ọ̀dọ́ káàkiri Nàìjíríà ṣe ìwọ́de lòdì sí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí a ń pè ní SARS. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, Gómìnà Oyètọ́lá lọ bá àwọn olùwọ́de ní oríta Ọláìyá ní Òṣogbo, àwọn kan sì kọlu ọkọ̀ rẹ̀. Ìhà tí ará ìlú kọ sí i kò dọ́gba: ọ̀pọ̀ ni ó dúró ti ìwọ́de tí wọ́n sì kọ ìkọlù náà. Nígbà tí àwọn ènìyàn já ilé ìkẹ́rùsí oúnjẹ ìrànwọ́ ní Ẹdẹ, tí ìkógun sì tàn kiri Ìpínlẹ̀ náà, ìjọba fún àwọn tí ó kó ẹrù ní wákàtí 72 láti dá a padà. Àwọn kan dá a padà. Wọn kì bá tí ṣe bẹ́ẹ̀ bí gbogbo àwọn tí ó yí wọn ká bá ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ní ọdún 1965, kò sí ẹni tí ó lè dá ilé tí ó ti jó padà.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ kò fara mọ́ ìjọba tí ó ń fẹ́ kí aráyé dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò fara mọ́ ẹni tí ó ní iná ni ìdáhùn. Ìjọba tí ó bá di ilé-ẹjọ́, tí ó di ẹnu ọba, tí ó di ẹnu eléré, ti lé Òṣómàáló kúrò ní ẹnu ọ̀nà. Kí ó má ṣe bi í léèrè ibi tí ó lọ. Ará ìlú tí ó dúró lójú fèrèsé náà kò sì lè pe ara rẹ̀ ní òǹwòran. Ọjọ́ tí ilé ẹni tí òun kò fẹ́ràn bá ń jó, ọjọ́ náà ni ó ń pinnu, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀, bóyá ilé tirẹ̀ yóò dúró.