Ètò Ìkọ́ṣẹ́ Nọ́ọ̀sì àti Ìtọ́jú Aláìsàn

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ nọ́ọ̀sì níṣẹ́ kò rí bákan náà káàkiri ayé. Ibì kan wà tó jẹ́ pé inú ọgbà ọsibítù ni akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, tí yóò máa ti wọ́ọ̀dù bọ́ sí kíláàsì, tí yóò sì gba ìwé ẹ̀rí lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Ibòmíràn wà tó jẹ́ pé yunifásítì ni, ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún, pẹ̀lú dígírì. Àwọn orílẹ̀-èdè kan sì wà tí wọ́n ń san owó oṣù fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ náà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń jiyàn lórí èyí tó dára jù nínú wọn. Ọ̀rọ̀ náà kò yẹ kó mọ sí àárín àwọn olùkọ́ nìkan, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Dọ́kítà a máa wá, a sì máa lọ. Nọ́ọ̀sì ló ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tọ̀sán-tòru.

Ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní orúkọ Florence Nightingale ní ọsibítù St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1860 ni ètò tinú ọsibítù ti tàn ká. Owó tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá jọ láti fi yẹ́ ẹ sí nítorí iṣẹ́ tó ṣe nígbà ogun Crimea ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nightingale ní kí wọ́n yan àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí ìwà wọn dára, kí wọ́n máa gbé pọ̀, kí sísítà máa kọ́ wọn nínú wọ́ọ̀dù, kí mátírọ́nù sì jẹ́ olórí gbogbo wọn. Ìmọ́tótó, afẹ́fẹ́ tó mọ́, oúnjẹ, àti kí ojú má kúrò lára aláìsàn ni ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ náà. Ètò yìí dára, ó sì dé gbogbo ibi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dé. Àmọ́ àléébù kan bá a rìn: ọsibítù nílò ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́ ju akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò kàwé lọ. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi gbogbo òru tẹ́ ibùsùn, tó da ìgbọ̀nsẹ̀ nù, tó sì wẹ aláìsàn, ni yóò tún jókòó sí kíláàsì láàárọ̀ pẹ̀lú oorun lójú.

Irú ètò yìí náà ni wọ́n gbé wá sí Ìbàdàn nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì UCH bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1952. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọ, bíi Wesley Guild ní Iléṣà, Sacred Heart ní Lantoro l'Ábẹ́òkúta, àti ti àwọn Onítẹ̀bọmi ní Ògbómọ̀ṣọ́, náà ní tiwọn. Ẹni tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé ni Kofoworola Abẹ́ní Pratt, ọmọ Èkó. Tíṣà ni kó tó wọ St Thomas' lọ́dún 1946. Ó padà sílé lọ́dún 1954, ó bá UCH ṣiṣẹ́, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di mátírọ́nù níbẹ̀. Obìnrin yìí, tó jẹ́ pé ìdí ibùsùn ló ti kọ́ṣẹ́, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì lè wọ yunifásítì. Lọ́dún 1965, Yunifásítì Ìbàdàn dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀. Ifẹ̀ tẹ̀ lé e ní àwọn ọdún 1970, ó sì ń gba àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama. Mo ka ìgbésẹ̀ Pratt yìí sí ẹ̀rí tó wúwo fún ọ̀nà yunifásítì, nítorí kò sí ẹni tó lè sọ pé kò mọ wọ́ọ̀dù.

Lónìí, Àjọ Nọ́ọ̀sì àti Agbẹ̀bí Nàìjíríà ló ń ṣe ìdánwò fún gbogbo wọn, ó sì ń fún wọn ní láísẹ́ńsì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ yàtọ̀. Ọdún márùn-ún ni ti yunifásítì, pẹ̀lú ọdún kan tí akẹ́kọ̀ọ́jáde yóò fi ṣiṣẹ́ lábẹ́ àmójútó. Ọdún mẹ́ta ni ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti àtijọ́, àwọn wọ̀nyí ni wọ́n sì ti ń sọ di kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń fúnni ní ND àti HND. Nínú wọ́ọ̀dù, wọ́n máa ń fi ara wọn ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn ti ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ní àwọn oní-dígírì mọ ìwé, wọn kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé aláìsàn. Àwọn oní-dígírì ní àwọn ìyókù mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, wọn kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní òótọ́ díẹ̀ nínú.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò sí nínú ìwé ìjọba: ọ́sílíárì. Ilé ìwòsàn aládàáni kan á gba ọmọdébìnrin tó jáde girama, á fi oṣù díẹ̀ kọ́ ọ ní abẹ́rẹ́ gígún àti omi fífà sára, á wọ̀ ọ́ láṣọ funfun, àwọn èèyàn á sì máa pè é ní nọ́ọ̀sì. Kò sí àjọ kan tó dán an wò. Aláìsàn tó wọlé síbẹ̀ kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n yàtọ̀, ọ̀rọ̀ yìí sì ń dùn mí.

Ìwádìí tó kọ́kọ́ mú àríyànjiyàn náà kúrò ní ti ẹnu lásán jáde lọ́dún 2003. Linda Aiken àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Pennsylvania yẹ àkọsílẹ̀ ọsibítù 168 wò ní ìpínlẹ̀ náà. Àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún níbẹ̀ lé ní 232,000. Wọ́n rí i pé bí ìdá àwọn nọ́ọ̀sì tó ní dígírì nínú ọsibítù bá fi 10 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ewu pé aláìsàn yóò kú láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ a máa fi nǹkan bí 5 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Lọ́dún 2014 wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án ní Yúróòpù, ọsibítù 300, aláìsàn 422,730. Níbẹ̀, ewu náà fi 7 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Ohun mìíràn tí ìwádìí ọdún 2003 wò ni iye àwọn tí ìṣòro bá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n sì kú nítorí pé a kò gbà wọ́n sílẹ̀. Lójú tèmi, ibí yìí ni ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ti ń fi ara rẹ̀ hàn jù. Ìṣòro lè dé bá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó tètè rí i ló ń gbani.

Ẹ jẹ́ ká wo ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún lọ́sàn-án. Nígbà tó fi máa di aago méjì òru, ẹ̀jẹ̀ ti ń ya nínú ikùn rẹ̀ láìhàn síta. Wọ́n wọn ìfúnpá rẹ̀, ó ṣì dára. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ tó ń lù ní ìgbà 84 ní ìṣẹ́jú kan nírọ̀lẹ́ ti di 112. Èémí rẹ̀ ti kúrò ní 16, ó ti di 24. Ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ tutù. Ara ọ̀dọ́ a máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ kí ìfúnpá má baà tètè wálẹ̀, tó fi jẹ́ pé nígbà tí yóò bá wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ti lọ. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ pé kó ṣáà kọ nọ́ńbà sórí ṣáàtì yóò kọ ọ́, yóò sì kọjá sí ibùsùn kejì. Èyí tí wọ́n kọ́ ní ìdí tí ọkàn fi ń sáré ṣáájú kí ìfúnpá tó wálẹ̀ yóò tẹ ikùn wò, yóò wo aṣọ abẹ́ rẹ̀, yóò pe dọ́kítà. Bí dọ́kítà bá ní kí wọ́n ṣì máa wò ó di àárọ̀, yóò pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ẹni tí kò mọ ìdí ohun tó rí kì í ní ìgboyà láti pe ọ̀gá lẹ́ẹ̀kejì lóru.

Síbẹ̀, dígírì nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Ọsibítù tó lè gba ọ̀pọ̀ oní-dígírì sábà máa ń jẹ́ èyí tó lówó, tó ní irinṣẹ́, tó sì ní dọ́kítà tó pọ̀. Àwọn olùwádìí ro àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́ ìṣirò wọn, ṣùgbọ́n ìwádìí tó wo ohun tó ti wà nílẹ̀ kò lè ya okùnfà sọ́tọ̀ pátápátá. Ohun kejì ni iye aláìsàn tó wà lọ́rùn nọ́ọ̀sì kan. Ìwádìí Yúróòpù náà fi hàn pé aláìsàn kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún iye tí nọ́ọ̀sì kan ń tọ́jú ń fi 7 nínú ọgọ́rùn-ún kún ewu ikú. Wọ́n wá fi ọsibítù méjì wéra: èyí tí 60 nínú ọgọ́rùn-ún nọ́ọ̀sì rẹ̀ ní dígírì, tí ẹnì kan ń tọ́jú aláìsàn mẹ́fà, àti èyí tí 30 péré ní dígírì, tí ẹnì kan ń tọ́jú mẹ́jọ. Ikú ní ti àkọ́kọ́ dín ní nǹkan bí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀kọ́ àti iye ọwọ́ jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni. Bí a bá fi oní-dígírì kan ṣoṣo sí ìdí ogójì aláìsàn lóru, a kò fún un láyè láti lo ohun tó kọ́.

Bírítéènì gba ọ̀nà dígírì díẹ̀díẹ̀. Ètò tí wọ́n pè ní Project 2000, tó bẹ̀rẹ̀ ní òpin àwọn ọdún 1980, yọ akẹ́kọ̀ọ́ kúrò nínú àwọn òṣìṣẹ́ wọ́ọ̀dù, ó sì gbé wọn lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga. Láti ọdún 2013, dígírì ti di dandan fún akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ní England. Lọ́dún kan náà ni ìròyìn ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ìròyìn Francis tú àṣírí ìyà tó jẹ àwọn aláìsàn ní ọsibítù ìlú Stafford. Àwọn kan sọ pé ìwé ló ba àánú nọ́ọ̀sì jẹ́. Ìgbìmọ̀ kan tó yẹ ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wò, tí wọ́n ń pè ní Ìgbìmọ̀ Willis, ti wo ẹ̀sùn irú èyí lọ́dún 2012, kò sì rí ẹ̀rí pé dígírì ń dín àánú kù. Ní Stafford, owó tí wọ́n ń dín kù àti nọ́ọ̀sì tí kò tó wà lára ohun tó fa ìyà náà. Lẹ́yìn náà ni England dá ipò olùrànlọ́wọ́ ọlọ́dún méjì sílẹ̀ láti ṣèrànwọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ipò bẹ́ẹ̀ wúlò bó bá jẹ́ àfikún. Ìwádìí Aiken mìíràn lọ́dún 2017, ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà ní Yúróòpù, fi hàn pé bí wọ́n bá mú nọ́ọ̀sì kan kúrò nídìí aláìsàn 25, tí wọ́n fi olùrànlọ́wọ́ rọ́pò rẹ̀, ewu ikú a máa fi 21 nínú ọgọ́rùn-ún ga sí i. Kí àwọn tó ń fi ọ́sílíárì dí àyè nọ́ọ̀sì nílẹ̀ wa gbọ́ o.

Jámánì di ìkọ́ṣẹ́ olówó oṣù mú, ọdún mẹ́ta, tí ọmọṣẹ́ ń pààrọ̀ láàárín ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn. Òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 2020 da ìkọ́ṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà, ti ọmọdé àti ti aláìsàn gbogbo pọ̀ sójú kan, ó sì fi ọ̀nà yunifásítì kún un. Àṣẹ Yúróòpù ní kí ìkọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì má dín ní wákàtí 4,600, kí ìdajì rẹ̀, ó kéré tán, jẹ́ lọ́dọ̀ aláìsàn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n dán ọmọlangidi wò, èyí tó ń mí, tí ọkàn rẹ̀ ń lù, tí olùkọ́ lè mú kó ṣàìsàn. Ìwádìí tí àjọ àwọn ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì wọn gbé jáde lọ́dún 2014 rí i pé akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ìdajì wákàtí wọ́ọ̀dù rẹ̀ kọ́ṣẹ́ lára irú ọmọlangidi bẹ́ẹ̀ kò rẹ̀yìn sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó mọṣẹ́ ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì ń jókòó tú gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ palẹ̀ lẹ́yìn ìdánrawò kọ̀ọ̀kan. Ọmọlangidi tí wọ́n rà, tí wọ́n tì mọ́ yàrá kí àwọn alábẹ̀wò lè máa wò ó, kò kọ́ ẹnikẹ́ni.

Ohun tó ń já jù lọ nínú ètò tiwa ni afárá láàárín kíláàsì àti wọ́ọ̀dù. Sísítà tó pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló yẹ kó di ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ mú, kó sọ fún un pé "ka èémí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, má fojú díwọ̀n rẹ̀." Àwọn sísítà wọ̀nyí ló ń lọ. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n kọ́ ní Nàìjíríà tó wà nínú ìwé orúkọ nọ́ọ̀sì Bírítéènì ti ju 10,000 lọ. Lọ́dún 2024, Àjọ Nọ́ọ̀sì gbé òfin kan jáde pé ẹni tó bá gba láísẹ́ńsì gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ọdún méjì nílé kí wọ́n tó bá a jẹ́rìí fún òkè òkun, inú sì bí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì sí i. Dídá èèyàn dúró kò lè rọ́pò sísan owó tó yẹ fún ẹni tó ń kọ́ni ní wọ́ọ̀dù, kí kíkọ́ni sì jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ gan-an, kó má jẹ́ ohun tó ń fi àyè tó ṣẹ́kù ṣe láàárín abẹ́rẹ́ méjì.

Àwọn ìwádìí ńlá tí mo kà sílẹ̀ yìí, òkè òkun ni wọ́n ti ṣe gbogbo wọn, nítorí pé ọsibítù wọn ń kọ iye nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sílẹ̀, irú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ní, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí aláìsàn kọ̀ọ̀kan títí di ọgbọ̀n ọjọ́. Bí a ti ń sọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì di kọ́lẹ́ẹ̀jì yìí, kí àwọn ọ̀gá ọsibítù ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ àkọsílẹ̀ mẹ́ta yìí ní wọ́ọ̀dù wọn lọ́dún yìí. Ìwé ńlá kan àti bírò tó láti fi bẹ̀rẹ̀.