Ẹ̀rọ Ìtẹ̀wé Tó Dákẹ́ ní Dhaka

Ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò lóru a máa lu irin ní wákàtí wákàtí. Ẹni tó ń sùn kì í tilẹ̀ gbọ́ ọ mọ́, ó ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n bí aago méjì òru bá kọjá tí irin kò dún, àgbàlagbà tó bá lajú sílẹ̀ á dìde jókòó, á ní, "Ṣé kò sí o?" Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ìkìlọ̀. Ìtàn kan tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2016 ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí fún yín, ẹ̀yin òǹkàwé mi, nítorí pé ọ̀rọ̀ owó ni, owó kò sì ṣéé fi ṣeré.

Mo bá ayé fáìlì pàdé dáadáa. Akọ̀wé á kọ ìwé ìnáwó, mẹ́séńjà á gbé e lọ síwájú ọ̀gá kìíní, ọ̀gá á bu ọwọ́ lù ú, wọn á tún gbé e lọ síwájú ọ̀gá kejì. Bí ọ̀gá bá lọ sinmi, fáìlì sùn nìyẹn! Ó falẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú èèyàn méjì ló kéré jù tó máa ń kọjá lára ìwé kí owó tó jáde. Lóde òní, wọ́n ti so ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò owó pọ̀ mọ́ èyí tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ àti ímeèlì ránṣẹ́. Bí akọ̀wé bá ti tẹ iye owó sínú rẹ̀, fóònù ọ̀gá á dún: "Ìwé kan ń dúró de ìfọwọ́sí yín." Ọ̀gá lè wà l'Ábẹ́òkúta kó fọwọ́ sí owó tí wọ́n fẹ́ san l'Ékòó. Ó dára púpọ̀, èmi kò bá a jà. Ohun tí mo fẹ́ kí a bi ara wa ni pé: bí fóònù yẹn kò bá dún ńkọ́?

Àwọn báǹkì ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Nígbà tí wọ́n ń lo tẹ́lẹ́ẹ̀sì, báǹkì tó ń ránṣẹ́ á fi ìwé àṣírí ṣírò nọ́ńbà kan mọ́ iṣẹ́ tó ń rán. Akọ̀wé tó gbà á lódìkejì á tún un ṣírò. Bí nọ́ńbà méjèèjì kò bá dọ́gba, kò ní sanwó. Iṣẹ́ náà ń jẹ àkókò, àṣìṣe sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ní ọdún 1973, báǹkì 239 láti orílẹ̀-èdè 15 para pọ̀ dá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní SWIFT sílẹ̀ ní Bẹ́ljíọ̀mù. Ní 1977, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ sì ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: SWIFT kì í gbé owó, ọ̀rọ̀ ló ń gbé. Àmọ́ nídìí owó, ẹni tó bá ti gba ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn sọ, ó ti gba owó rẹ̀ ná.

Báǹkì àpapọ̀ ilẹ̀ Bangladesh, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Dhaka, ní owó tó fi pamọ́ sí Federal Reserve Bank of New York ní Amẹ́ríkà. Bí wọ́n bá fẹ́ ná nínú rẹ̀, wọn á fi àṣẹ ránṣẹ́ nípasẹ̀ SWIFT. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wà ní yàrá tí wọ́n ti ń ṣe é. Tọ̀sán-tòru ló ń tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá jáde àti èyí tó bá wọlé sórí bébà. Alẹ́ẹ̀tì tiwọn nìyẹn.

Àwọn olè ti wà nínú kọ̀ǹpútà wọn tipẹ́. Ní oṣù kìíní 2015 ni ímeèlì ti ń wọlé sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ báǹkì náà láti ọ̀dọ̀ ẹnì kan tó ní òun ń wáṣẹ́, májèlé sì wà nínú ìwé tó ní kí wọ́n ṣí. Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, wọ́n ti ṣí àkáǹtì pẹ̀lú orúkọ èké sí báǹkì kan ní Philippines, 500 dọ́là nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, wọ́n fara balẹ̀ dúró.

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 4 oṣù kejì 2016, ni wọ́n dìde. Àṣẹ 35 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí New York, gbogbo rẹ̀ tó bíi mílíọ̀nù 951 dọ́là. Orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn òṣìṣẹ́ gan-an ni wọ́n lò, nítorí náà lójú ẹ̀rọ, ìfọwọ́sí ti pé. Wọ́n sì ti fọwọ́ kan ètò tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí ó má baà tẹ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ rí i pé bébà kankan kò jáde. Wọ́n rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́ bó ṣe máa ń bàjẹ́. Àbí ta ni kò mọ ìwà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé? Jímọ̀ àti Sátidé sì ni ìsinmi òpin ọ̀sẹ̀ ní Bangladesh. Ìgbà tó di Sátidé tí wọ́n rí i tún ṣe, ìbéèrè láti New York ló ń tú jáde: "Ṣé ẹ̀yin lẹ rán èyí?" Wọ́n kọ̀wé, wọ́n tẹ̀ wọ́n láago, kò sẹ́ni tó dáhùn, nítorí Sátidé àti Sọ́ńdè ni New York fi ń sinmi. Nígbà tó di Mọ́ńdè, ọjọ́ 8, ọdún tuntun àwọn ará Ṣáínà ni, wọ́n sì gba ìsinmi fún un ní Philippines. Ìkìlọ̀ pé kí wọ́n dá owó dúró bá ilẹ̀kùn títì. Ní ọjọ́ 9, owó ń jáde ní báǹkì ibẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì gba ilé tẹ́tẹ́ lọ.

Mílíọ̀nù 81 dọ́là ló lọ báyìí. Kí ló wá yọ ìyókù? Àkọ́kọ́, ẹ̀ka báǹkì tí wọ́n kọ owó náà sí wà ní òpópónà tó ń jẹ́ Jupiter. Ó ṣẹlẹ̀ pé Jupiter jẹ́ orúkọ ọkọ̀ ojú omi kan tí Amẹ́ríkà ti fòfin dè, ni New York bá dá ìyókù dúró láti yẹ̀ ẹ́ wò. Èkejì, àwọn olè fẹ́ fi mílíọ̀nù 20 ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kan ní Sri Lanka, wọ́n wá ṣi ọ̀rọ̀ náà "foundation" kọ. Báǹkì tí owó gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá béèrè ọ̀rọ̀, owó náà sì padà. Àṣẹ 30, tó tó mílíọ̀nù 850, kò kọjá rárá. Orúkọ òpópónà àti àṣìkọ ló gba orílẹ̀-èdè kan sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀!

Gómìnà báǹkì náà, Atiur Rahman, fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹta 2016. Ọdún yẹn náà ni SWIFT gbé ètò ààbò tuntun kalẹ̀ fún àwọn báǹkì tó ń lò ó. Ní 2018, Amẹ́ríkà fẹ̀sùn kan ọmọ North Korea kan tó ń jẹ́ Park Jin Hyok lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, fún iléèwé tàbí fún ilé iṣẹ́, ẹ wo ohun mẹ́ta. Alẹ́ẹ̀tì Dhaka gba inú ilé tí olè ti wọ̀, olè sì pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ jẹ́ kí tiyín gba ọ̀nà mìíràn, bí owó bá gba kọ̀ǹpútà, kí ìkìlọ̀ gba fóònù. Ẹ̀ẹ̀kejì, kí ìkìlọ̀ ṣáájú owó. Alẹ́ẹ̀tì tó ń sọ fún mi pé owó mi ti lọ, ìròyìn òkú ló mú wá. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló wúwo jù: ẹ ṣètò pé kí ẹ̀rọ máa sọ "kò sí nǹkan" ní àkókò tí ẹ dá fún un, kódà bí kò bá sí nǹkan lóòótọ́. Ọjọ́ tí ó bá dákẹ́, kí ẹnì kan mọ̀ pé iṣẹ́ òun ni láti dìde, kí ó sì ní àṣẹ láti dá owó dúró láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ yan ẹni náà kí Jímọ̀ tó dé, kí ẹ sì yan ẹni tí yóò dúró fún un bí ó bá lọ sinmi.