Aró Òṣogbo: Bí Àwọn Ìyá Wa Ṣe Ń Rẹ Aṣọ Láìba Omi Jẹ́

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí akọ̀wé kọ ìtàn sínú ìwé tọdún yìí, ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni ìtàn bí ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa ti mọ ìyẹn, a ti gbọ́ ọ títí etí kún. Ìtàn aró ni mo fẹ́ sọ, nítorí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní ìpàdé wa, ìyẹn ọ̀rọ̀ omi aró tí àwa kan ń dà sí gọ́tà.

Kò sí ọmọ Òṣogbo tí kò mọ ìtàn Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ. Wọ́n wá omi dé etí odò Ọ̀ṣun, wọ́n ń gé igi kí wọ́n lè tẹ̀dó, ni igi kan bá wó sínú odò. Ohùn kan ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un gbọ́: kì í ṣe ìkòkò ọbẹ̀, kì í ṣe ìkòkò owó. Ìkòkò aró ni. Kí ìlú tó dá ni aró àti odò ti jọ ń gbé, ìlú aró náà sì ni wọ́n ń pe Òṣogbo títí dòní.

Aláró ni ìyá àgbà mi, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun. Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni mo máa ń bá wọn gún ewé ẹ̀lú nínú odó. Tó bá kúnná tán, a ó ṣù ú róbótó, a ó sá a sóòrùn kó gbẹ. Eérú ló kàn. Igi àti èèpo kòkó ni wọ́n ń sun. Ẹ mọ̀ pé bí èèpo kòkó bá jẹrà sílẹ̀ lóko, àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lórí igi máa ń sá pamọ́ síbẹ̀, nítorí náà àgbẹ̀ gan-an á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá bá a kó o. Wọ́n á da eérú sínú ìkòkò tí wọ́n ti lu nídìí, wọ́n á gbé e ka orí òmíràn, wọ́n á bu omi sí i, omi á máa kán tó, tó, tó, títí di ọjọ́ kejì. Ìyá àgbà á fi ahọ́n kàn án. Bí kò bá ta á lẹ́nu, wọ́n á ní eérú yìí ò lágbára, ká tún un ṣe.

Inú omi eérú yìí ni ẹ̀lú ń wọ̀, á wà níbẹ̀ fún bí ọjọ́ mélòó kan, á máa hó, á máa rùn. (Ọkọ wọn kì í gba ẹ̀yìnkùlé kọjá lásìkò náà.) Ìgbà tí mo dé sẹ́kọ́ńdírì ni tíṣà kẹ́mísírì wa tó là mí lóye. Ó ní ẹ̀lú kì í yòrò nínú omi lásán, àfi kí omi náà ta bíi ti eérú, kí afẹ́fẹ́ sì kúrò nínú rẹ̀. Àwọn kòkòrò tín-tìn-tín tí ojú ò lè rí, tí wọ́n wà nínú ìkòkò, ló ń jẹ afẹ́fẹ́ náà tán. Ìdí nìyẹn tí aṣọ fi máa ń jáde bí àwọ̀ ewé tútù, tí afẹ́fẹ́ bá wá fẹ́ sí i, á di aró níṣojú ẹ.

Ohun tó wú mi lórí jù ni pé nǹkan kan kì í ṣòfò. Eérú tí omi ti ṣẹ́ tán, ìyá àgbà á pò ó mọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìsàlẹ̀ ìkòkò, á ṣù ú, á tún un sun, ó tún di eérú míì. Irú eérú kan náà ni àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú ń pò mọ́ àdín tàbí epo pupa. Bí ìkòkò kan ò bá mú aró mọ́, wọn kì í dà á nù, wọ́n á fi ẹ̀lú àti omi eérú kún un.

Kí ló wá dé? Owó ni, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa. Ọdún 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ẹ̀lú tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Reluwé dé Òṣogbo ní 1907, ọjà òyìnbó ń wọlé, aṣọ funfun ń wọlé. Nígbà tó yá, aró òyìnbó àti sódà tẹ̀lé e. Ohun tí eérú fi bí ọ̀sẹ̀ kan ṣe, sódà á fi ọjọ́ kan ṣe é. Obìnrin tó ń rẹ aṣọ díẹ̀ lọ́sẹ̀ lè wá rẹ ìlọ́po rẹ̀. Ta ni ò ní gbà?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta ló yẹ ká fi kọ́gbọ́n. Lẹ́yìn 1930, àwọn tó ń ra àdìrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn pé aṣọ ń tètè gbó, wọ́n ní sódà ló ń jẹ ẹ́. Aláké Ladapo Ademola II fòfin de sódà àti aró òyìnbó. Àwọn aláró ò gbà. Wọ́n ní báwo làwọn ṣe fẹ́ san gbèsè aṣọ funfun tí àwọn gbà láwìn bí iṣẹ́ bá tún falẹ̀? Ọ̀rọ̀ náà le débi pé wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1936, òfin náà ò sì dúró. Èmi ò bú àwọn obìnrin yẹn. Wọ́n mọ eérú, ìyá wọn ló kọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó fẹ́ sanwó ọjọ́ tí eérú ń jẹ.

Èmi alára, kàm̀pálà ni mo fi bẹ̀rẹ̀ òwò, sódà àti haidirosọ́fáìtì ni mo sì lò. Ẹ̀yìnkùlé ni mò ń da omi rẹ̀ sí. Kò ju ọdún méjì lọ tí omi kànga ilé tí mo yá fi ń rùn, gbogbo alájọgbélé wá ń lọ pọnmi níbòmíràn. Mo purọ́ pé ṣaláńgá ló fà á. Ẹ forí jì mí, mi ò sọ ọ́ rí kó tó dòní. Sódà ń jó ọwọ́, ó ń pa koríko. Haidirosọ́fáìtì náà, bó bá dé odò, afẹ́fẹ́ tí ẹja ń mí nínú omi ló ń jẹ.

Gbogbo wa la mọ bí omi Ọ̀ṣun ṣe pọ́n. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ wa kìlọ̀ fún àwọn tó ń bọ̀ wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má mu omi odò náà, odò tó gba inú igbó tí UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2005 kọjá. Àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà ni gbogbo ènìyàn ń nàka sí, wọ́n sì jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n gọ́tà tiwa náà, ibo ló ń ṣàn lọ?

Ìdí tí mo fi dìde ní ìpàdé nìyẹn nígbà tí àwọn kan ní ká máa bu owó ìtanràn lé ẹni tó bá da omi aró sí gọ́tà. Mo ní Abẹ́òkúta ti ṣe irú èyí rí. Bí a bá ta owó ìtanràn lé ọmọ ẹgbẹ́ tó ń san ẹ̀yáwó lóṣooṣù, òru ni yóò máa da omi rẹ̀. Mo ní kí ẹ̀yáwó ẹni tó bá fẹ́ fi eérú rẹ aṣọ ní oṣù mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án padà, nítorí ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ gùn. Ìyá kan bi mí léèrè bóyá owó bàbá mi ni mo fẹ́ fi tọrẹ. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n sọ: owó gbogbo wa ni. A jọ fẹnu kò pé kí ẹni mẹ́ta kọ́kọ́ dán an wò.

Àwa mẹ́ta dán an wò. Ìkòkò kan bàjẹ́, eérú rẹ̀ ò lágbára, kò sì sí ìyá àgbà níbẹ̀ tí yóò fi ahọ́n kàn án. Èkejì mú aró ní ọjọ́ kẹfà. Aṣọ rẹ̀ wọ́n ju ti sódà lọ, ó sì pẹ́ kó tó tà, ṣùgbọ́n ẹni tó ra méjì ti padà wá béèrè mẹ́rin. Àwọn ilé iṣẹ́ kan lókè òkun pàápàá, tí wọ́n ń rẹ aṣọ jíìnsì, ti ń fi iná mànàmáná ṣe iṣẹ́ tí haidirosọ́fáìtì ń ṣe, kí omi wọn lè mọ́. Àwa ò ní iná tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ṣùgbọ́n èèpo kòkó wà.

Ìpàdé tó ń bọ̀ la máa dìbò lórí oṣù mẹ́ta yẹn. Kó tó dìgbà náà, ẹni tó bá ní ìkòkò aró tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀, bó tiẹ̀ sán, kó jọ̀ọ́ má sọ ọ́ nù. Kó wá rí mi ní ìsọ̀ mi. Èyí tó sán nídìí gan-an la nílò fún eérú.