Òkú Àṣá Ni Wọ́n Kọ́kọ́ Yà

Ẹni tó bá ti gbìyànjú láti ya fọ́tò àṣá tó ń fò mọ̀ pé iṣẹ́ kékeré kọ́. Kó o tó gbé kámẹ́rà sójú, ẹyẹ ti lọ. Ìdí nìyẹn táwọn ayàwòrán fi fẹ́ràn Hawk Mountain, òkè kan ní Pennsylvania, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Láti oṣù Kẹjọ títí di oṣù Kejìlá, àwọn àṣá àti idì tó ń sá fún òtútù máa ń gba ibẹ̀ lọ sí gúúsù. Afẹ́fẹ́ á kọlu ẹ̀gbẹ́ òkè, á gbéra sókè, ẹyẹ á kàn na apá, á máa rà bàbà lọ. Tó o bá dúró lórí àpáta, nígbà míì ọ̀gangan ojú ẹ ló máa gbà kọjá.

Ohun tó jẹ́ kó rọrùn láti yà wọ́n yìí náà ló jẹ́ kó rọrùn láti pa wọ́n. Nígbà kan, ìbọn làwọn èèyàn ń gbé lọ síbẹ̀. (Ọ̀rọ̀ kan náà lòyìnbó ń lò fún yíyìnbọn àti yíya fọ́tò o. Àwa kì í yin fọ́tò, a máa ń yà á ni.) Kí lẹ̀ṣẹ̀ àṣá? Ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n: adìyẹ ni. Ẹni tó bá dàgbà nílé tí wọ́n ti ń sin adìyẹ mọ ariwo tó máa ń sọ tí àwòdì bá yọ lókè. Ṣùgbọ́n ní Pennsylvania, ìjọba fúnra rẹ̀ ló fowó sí i. Ní 1929, wọ́n ní ẹni tó bá pa goshawk, irú àṣá ńlá kan, á gba dọ́là 5. Ta ló wá fẹ́ yẹ ẹyẹ wò dáadáa kó tó yìnbọn?

Ní 1932, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Pough gun òkè náà. Òkú ẹyẹ ló bá nínú igbó, àwọn míì ṣì ń jẹ̀rora lọ́wọ́. Ó padà síbẹ̀, ó ṣa òkú wọn jọ, ó tò wọ́n sílẹ̀ ní ìlà ìlà, ó sì yà wọ́n. Fọ́tò yẹn ò rẹwà rárá. Àmọ́ lójú tiwa, kò sí fọ́tò àṣá tó ń fò, bó ti wù kó dán tó, tó ṣiṣẹ́ tó o.

Rosalie Edge, obìnrin kan ní New York tó ti jà kí obìnrin lè máa dìbò, ló gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tí kò lè sùn lé e. Ní 1934, ó gba nǹkan bí éékà 1,400 lórí òkè náà háyà, ó sì ní kí Maurice Broun àti ìyàwó rẹ̀, Irma, wá máa ṣọ́ ọ. Broun ń kan pátákó ìkìlọ̀ káàkiri, Irma ń dá àwọn ọlọ́bọn padà lẹ́nu ọ̀nà. Bí ìbọn ṣe dákẹ́ nìyẹn.

Broun wá jókòó, ó ń ka ẹyẹ. Ó ń kọ iye wọn sílẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí Rachel Carson ń kọ Silent Spring, ìwé tó jáde ní 1962 nípa oògùn apakòkòrò bíi DDT, àkọsílẹ̀ orí òkè yẹn wà lára ohun tó fi hàn pé ọmọ idì ti ń wọ́n lójú ọ̀run.